Òwú Pupa Lára Ìbọn

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kẹfà oṣù September, 1976.

Morufat,

Mo kí ọ. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí àwọn òyìnbó tí ẹ jọ ń ṣe é. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí Ìyá Kẹ́hìndé gbé ìwé ìròyìn wọlé wa láti Apọ́ngbọ̀n, tó ní ọmọ òun tó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ ló gé e ránṣẹ́. Àwòrán rẹ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé kọ́kọ́ yọ̀, wọ́n ní dókítà wa ti dolókìkí. Wọ́n pe Bashiru, tíṣà tó yá yàrá iwájú, pé kó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nìyẹn, lójú àwọn ayálégbé, lójú àwọn ìyàwó ilé, lójú oníbàárà tó wá gba ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ pé ẹ̀yin dókítà mọ́kànlá kọ̀wé sí kóòtù. Mo gbọ́ pé ìjọba ìlú yín ṣòfin pé kí wọ́n má ta ìbọn ìléwọ́ mọ́, àwọn tó ń tà á sì pẹjọ́, ẹ̀yin dókítà wá gbè sẹ́yìn ìjọba. Èyí ò kàn mí. Kí wọ́n ta ìbọn, kí wọ́n má tà á, wàhálà tiwọn ni. Mo tún gbọ́ pé ẹ ní ọ̀rọ̀ ìlera ni ọ̀rọ̀ ìbọn, pé ó ń pa ọmọdé bí àrùn ṣe ń pa á. Èyí kàn mí díẹ̀, torí iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn ni mo ń ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù. Bàbá mi ṣe é kú. Láísẹ́ǹsì wa wà lára ògiri fún ọlọ́pàá tó bá fẹ́ wò ó. Nígbà tí mo ń fi iṣẹ́ yìí rán ọ níléèwé, o ò pè é ní àrùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bashiru kà á dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, ó sì wojú mi. Mo ní kó máa kà á lọ. Ó wá kà á pé ìwọ Morufat búra fún adájọ́ pé àbúrò rẹ Sùrájù, ọmọ ọdún mẹ́fà, kú ikú ìbọn nínú agbolé bàbá rẹ̀ ní Èkó, lọ́dún 1955, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ìyẹ́sí nígbà fìdáù bàbá àgbà, àti pé àbúrò bàbá rẹ ló yìn ín.

Ìyá rẹ dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọdún mọ́kànlélógún la ti ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ibà ló pa Sùrájù. Gbogbo ìyàwó tó wọlé yìí lẹ́yìn ìgbà náà, ibà ni wọ́n mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé òkú ti tán ní Amẹ́ríkà ni, tó fi jẹ́ tilé wa lo lọ ń hú fún òyìnbó wò? Lọ bá adájọ́ yẹn, kí o sọ fún un pé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀wé sí mi. Kí ó tó dìgbà náà, má kí mi nínú lẹ́tà kankan.

Èmi ni Ṣéhù, bàbá rẹ.


Ashbury, Ohio, Amẹ́ríkà,
September 19, 1976.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ẹ tilẹ̀ ní kí n má kí yín. Mo kí Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ pé etí wọn máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, láàárín èrò. Ìyẹn dùn mí, mo sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀.

Lẹ́tà yín bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Lórí ìdúró ni mo kà á, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin kan lára aṣọ mi. Ó rí ìbọn lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, ó fi ń ṣeré. Òun ni ọmọdé kejìdínlógún tí wọ́n gbé wá bá mi lọ́dún yìí nìkan. Ẹ̀yin ẹ rántí ọdún tí onígbáméjì wọ Èkó. Ẹ ò dúró kí ó pa èèyàn tán nínú ilé kẹ́ ẹ tó pe wolé-wolé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú un yí agbolé ká, tó wo gbogbo ìkòkò omi, tó sì ní kí wọ́n da èyí tí kò dára nù. Ẹnikẹ́ni ò bú u pé ó ń wo ìkòkò onílé. Ohun tí àwa dókítà ń bẹ adájọ́ fún ò ju ìyẹn lọ: kó jẹ́ kí ìjọba wo ohun tó ń pa ọmọ.

Mo ní láti bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Lọ́yà àwọn tó ń ta ìbọn ti dìde ní kóòtù, ó ní mi ò ní àbúrò kankan tó ń jẹ́ Sùrájù. Wọ́n ti kọ̀wé sí Èkó, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ikú ìjọba, kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni, kò lè sí níbẹ̀, torí ẹ sin ín kí wọ́n tó kí ìrun Alásàrì lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́yà náà ní dókítà tó bá lè hùmọ̀ òkú tí kò sí lè hùmọ̀ gbogbo iye ọmọ tó ní òun tọ́jú pẹ̀lú. Adájọ́ fún mi títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù November. Bí ẹni tọ́rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ kò bá búra kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á pa ẹ̀rí mi rẹ́, wọ́n á sì fẹjọ́ mi sun àwọn tó ń fún dókítà níwèé iṣẹ́. Mo lè má lè fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ nílùú yìí.

Ẹ lọ sí kóòtù ní Èkó, Bàbá. Ẹ búra, kí ẹ sọ ohun tójú yín rí. Ojú ìwé kan ti tó.

Ẹ ní kí n lọ sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bá yín pe ọ̀rọ̀ yìí ní ibà. Mo wá di dókítà, mo ti tọ́jú ibà lára èèyàn tí mi ò lè ka iye wọn. Ibà kì í dá àyà ọmọ lu.

Ọmọ yín,
Morufat.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kẹrin oṣù October, 1976.

Dókítà àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò rí i.

O ní kí n lọ búra. Ṣé o rò ó wò? Tí mo bá búra pé ìbọn ló pa ọmọ mi, ìbéèrè kejì ọlọ́pàá ni ìdí tí mo fi pa á mọ́. Ìkẹta ni láísẹ́ǹsì mi. Ìkẹrin ni Kàsímù àbúrò mi, tó wà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n á lọ fi ọkọ̀ gbé níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin Sùrájù kíákíá, o rò pé mò ń bo ara mi ni? Àbúrò mi ni mo bò. Òyìnbó ló ń ṣe ọlọ́pàá nígbà náà, wọn ì bá gbé e kọ́.

O tún fi mí wé onígbáméjì. Àwọn olè tó ń yìnbọn wọlé onílé láti ìgbà tí ogun ti parí, ìbọn sójà ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀kan tó kọjá lọ́wọ́ mi rí. Ìbọn ọdẹ ni mò ń tún ṣe, ìbọn tí wọ́n fi ń lé ọ̀bọ lóko. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ìbọn tó bá wọlé, a ó ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀pá bá wọlé dé àmì tí a fà sí i lára, òfìfo ni. Bí kò bá dé àmì, nǹkan wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ òfìfo la ń so òwú pupa mọ́, kò sì sí ìbọn tó ń kúrò lórí ìkọ́ láìní òwú pupa. Ìbọn tí mo fún Kàsímù lọ́jọ́ fìdáù ní òwú pupa lára. Ohun tó kì sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ló mọ̀ ọ́n. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì dúró lórí rẹ̀.

Oníbàárà mẹ́ta ti wá gba ìbọn wọn pa dà láìtún un ṣe. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Lèmámù dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ṣé ohun tí òun gbọ́ rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ mi ń ṣàìsàn ọpọlọ lókè òkun. Òun náà ti ń bá ọ ṣàdúà.

Mi ò ní búra fún òyìnbó kankan. Kí wọ́n gba ìwé iṣẹ́ rẹ. Pa dà wálé, a ó wá ọkọ fún ọ.

Ṣéhù.


Ashbury,
October 14, 1976.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ ṣe fún àdúà Lèmámù. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọpọlọ mi pé.

Inú ń bí mi débi pé mo ti ya lẹ́tà méjì kí n tó kọ èyí. Ẹ lè má fẹ́ràn ohun tí mo ṣe. Ẹ lè kọ̀ láti ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ wò mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí òkú Sùrájù pẹ̀lú mi, kí ẹ lọ máa pè mí ní wèrè ní mọ́ṣáláṣí? Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ mi ní irọ́ tí lọ́yà yẹn ní mò ń pa, ẹ̀yin ni.

Ẹ dárúkọ òwú pupa. Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹni tó máa ń so ó ni?

Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Kàsímù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ní kí wọ́n bá mi búra, bí ẹ̀yin kò bá ní ṣe é. Ẹ kí Màmá fún mi. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí wọn, wọn ò dáhùn, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ kà á fún wọn.

Morufat.


Ìjẹ̀bú-Òde,
24 October, 1976.

Morufat ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Lẹ́tà rẹ yà mí lẹ́nu. Ẹni tó kẹ́yìn kọ̀wé sí mi láti ilé wa ti kú.

O ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo yìnbọn náà. Mi ò sá fún un rí. Ẹ̀tù àti akísà nìkan ni mo kì sínú rẹ̀. Ta ní ń kó ọta sí ìbọn ìyẹ́sí? Mo rí òwú pupa lára rẹ̀, mi ò tún ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, torí láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ti wá. Èrò pọ̀, mo dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kànga níbi tí mo rò pé kò sí ẹnì kankan. Sùrájù ló sáré jáde láti ẹ̀yìn kànga.

Ìbọn ọdẹ kan láti Ẹ̀pẹ́ ni. Ọjọ́ kan ṣáájú fìdáù ló gbé e wá fún àtúnṣe. Lẹ́yìn tí a sin ọmọ tán, bàbá rẹ ní òfìfo lòun fún mi, pé èmi ni mo kó ọta sí i. Mi ò bá a jiyàn. Mo kó ẹrù mi. Nígbà tí ìyá wa kú, ojúde ni mo dúró sí títí wọ́n fi gbé e jáde.

Mi ò ní lè búra kí ẹ̀gbọ́n mi tó búra. Tí mo bá kọ ohun tí mo mọ̀ síwèé ìjọba, òpùrọ́ ni mo pè é, ọmọ ìyá kan náà sì ni wá. Má bínú sí mi. Bi òun léèrè ẹni tó ti ọ̀pá bọ ìbọn ọdẹ Ẹ̀pẹ́ yẹn.

Kàsímù.


Ashbury,
November 3, 1976.

Bàbá,

Mo kí yín. Lẹ́tà Bàbá Kàsímù wà nínú èyí. Ẹ kà á.

Ní báyìí, n ó sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, yálà adájọ́ tàbí àwọn dókítà ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó so òwú mọ́ ìbọn yẹn, èmi ni. Orí àpótí ni mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìdì òwú wà lórí itan mi. Àwọn àlejò ti kún ojúde, wọ́n ń pè yín. Ẹ na ìbọn sí mi, mo so òwú, ẹ gbà á, ẹ jáde.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá èmi ni mo pa àbúrò mi. Mo kàwé títí nítorí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá gbé wá bá mi níbí, tí mo bá ń wá ọta lára rẹ̀, òwú yẹn ni mo máa ń rí.

Mo rántí pé mo bi yín ní nǹkan kan kí n tó so ó. Àmọ́ mi ò lè búra pé mo bi yín lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn náà ni mo dá a rò, kí n lè máa rí oorun sùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

Ẹ fi ti kóòtù sílẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé iṣẹ́ náà tó bá wù wọ́n. Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí nìkan: ṣé mo bi yín?

Morufat.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù November, 1976.

Morufat,

Mo kí ọ. Fúnṣọ́, ọmọ ìyàwó Lèmámù, ló mú èyí bọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ gbéra lọ́tùúnla, ó ní òun á fi lé ọ lọ́wọ́ kí ọjọ́ tí adájọ́ dá tó pé.

Má rò pé o ti borí. Inú ṣì ń bí mi sí ọ. Ọ̀nà tí o gbà ṣe é kò dáa, mo sì lè sọ bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú. Ìbọn kò tíì di àrùn lójú mi, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀yin dókítà ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn yín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ìwọ lo gbé òwú yẹn lé àyà láti ọjọ́ yìí wá. Mo rò pé ọmọdé ti gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹun lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ.

Mo sọ fún ìyá rẹ kí n tó lọ sí kóòtù. Mo pè é wọ yàrá, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣéhù, tí kì í bá ṣe pé òyìnbó béèrè, ìgbà wo lo máa sọ fún mi?" Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Sandgrouse. Láàárọ̀, ó ń lọ sí ìsọ̀ mílíìkì rẹ̀ ní Òkè Àrin bó ṣe máa ń lọ. Mo kọjá níbẹ̀ lánàá, ó ń dá oníbàárà lóhùn, kò wojú mi.

Mo ránṣẹ́ pe Kàsímù. Irun rẹ̀ ti funfun jù tèmi lọ. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní tí mo bá ti ṣe tán ká máa lọ. A jọ lọ. Akọ̀wé kóòtù fẹ́ kọ ọ́ lédè òyìnbó, mo ní rárá, Yorùbá ni kó kọ, ẹ̀yin lókè òkun ni kí ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé Àlùkùránì fún mi, mo búra. Kàsímù náà búra lẹ́yìn mi. Nígbà tí a jáde, ọlọ́pàá kan ní kí n mú láísẹ́ǹsì mi wá lọ́jọ́ Ajé. N ó mú un lọ.

Ìdáhùn rẹ wà nínú ìwé ìbúra tí mo fi sínú èyí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yí i padà ni mo kọ ọ́ sí.

Ṣéhù, bàbá rẹ.

ÌWÉ ÌBÚRA

Èmi, Ṣéhù Alágbẹ̀dẹ, Mùsùlùmí, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó, fi Àlùkùránì búra, mo sì sọ báyìí pé:

Mo bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùrájù. Ọta ìbọn ló pa á nínú agbolé mi, lọ́dún 1955, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò ní ibà.

Àbúrò mi, Kàsímù, ló yìnbọn náà. Kò kó ọta sí i. Ọta ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì purọ́ mọ́ ọn fún ọdún mọ́kànlélógún.

Èmi ló yẹ kí n ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn náà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àlejò ń pè mí, mo ń kánjú, mi ò tì í bọ̀ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin, Morufat, ẹni ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló so òwú pupa mọ́ ọn. Kó tó so ó, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ti ọ̀pá bọ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.